Oko Kòkó Tí Wọ́n Ti Wọn Ìmọ́lẹ̀ Ìràwọ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba lórí òòfà, Einstein àti àwọn ìràwọ̀, tí a ṣe ní Ìpájà, Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó

Wọ́n ti kó àwọn ìbéèrè yín fún mi ṣáájú òní, mo sì ti kà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́nà oríṣiríṣi: kí gan-an ni òòfà tó ń fa nǹkan wálẹ̀, ta ló sì rí i tó fi dá a lójú pé ohun tí Einstein sọ nípa rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀? Apá kejì ìbéèrè yìí ló wù mí jù, òun ni màá sì kọ́kọ́ mú. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé àkókò ń yára níbì kan, tó sì ń falẹ̀ níbòmíràn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé níbo ló ti rí i.

Ibi tí wọ́n ti rí i pé ọ̀rọ̀ Einstein rí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Erékùṣù kan wà nínú òkun wa níbí tí wọ́n ń pè ní Príncipe, ara orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe ni lónìí. Bí ẹyẹ bá gbéra láti Èkó tó fò tààrà gba orí omi lọ síbẹ̀, ìrìn náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 700 lọ. Kánò jìnnà sí Èkó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Erékùṣù yìí wà lára ibi méjì tí wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ Einstein wò ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ tí ààrẹ tuntun ń búra wọlé. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní ohun mìíràn tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Isaac Newton ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1687 pé gbogbo ohun tó ní ìwúwo ló ń fa ara wọn mọ́ra. Ìṣirò rẹ̀ péye débi pé òun la ṣì fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ títí dòní. Ohun kan ṣoṣo ni Newton kò rí sọ: báwo ni oòrùn ṣe ń nawọ́ kọjá òfìfo tó fi di ayé mú? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1915, ní ìlú Berlin, Albert Einstein mú èsì kan wá. Ó ní oòrùn kò nawọ́ sí ohunkóhun. Ohun tó bá wúwo máa ń yí bí àyè àti àkókò ṣe rí padà ní àyíká rẹ̀, gbogbo ohun tó bá ń kọjá níbẹ̀ á sì máa gba ọ̀nà tó tọ́ jù lọ nínú àyè tó ti yí padà náà. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè yẹra.

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́. Ohun tó mú mi gba ti ọkùnrin yìí ni pé ó fi nọ́ńbà lélẹ̀. Ẹ pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600; ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́kọ́ńdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan aago. Einstein ní bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bá rá létí oòrùn kọjá, yóò tẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdì 1.75. Bí a bá fi ọgbọ́n Newton ṣe é, tí a ka ìmọ́lẹ̀ sí ohun tó ń já bọ́ bí òkò, yóò tẹ̀ ní 0.87, ìyẹn ìdajì. Bí òòfà kò bá sì kan ìmọ́lẹ̀ rárá, òdo ni. Mẹ́ta péré ni ìdáhùn tó ṣeé ṣe, èyí tí Einstein mú sì wà lójú táyé. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tí kò rí bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tó lè sá gbà.

Ìṣòro tó kù ni pé ta ló ń rí ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn lọ́sàn-án? Àfi kí òṣùpá bọ́ síwájú oòrùn kó sì bò ó pátá, ohun tí a ń pè ní ìṣíjibò oòrùn. Frank Dyson, olórí onímọ̀ ìràwọ̀ fún ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rí i ní ọdún 1917 pé ìṣíjibò tó ń bọ̀ ní 1919 yóò bá oòrùn níwájú agbo ìràwọ̀ Hyades, níbi tí àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ti pọ̀. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, Jámánì sì ni Einstein wà, lọ́dọ̀ ọ̀tá. Arthur Eddington ti Cambridge, tó mọ iṣẹ́ Einstein yìí dunjú ju ẹnikẹ́ni lọ ní Ìlú Ọba, jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker tí kì í gbé ohun ìjà. Wọ́n fẹ́ fipá mú un wọṣẹ́ ogun. Dyson bá a bẹ ìjọba pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, kó lè wá múra ìrìn àjò ìṣíjibò náà sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ onímọ̀ ará Jámánì ṣe di ohun tí ará Ìlú Ọba gbé ru nìyẹn, kí omijé ogun tó gbẹ lójú àwọn ènìyàn.

Wọ́n pín sí ọ̀nà méjì kí òjò má baà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Andrew Crommelin àti Charles Davidson gba Sobral lọ ní Bràsíìlì. Eddington àti Edwin Cottingham, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ aago, wọkọ̀ ní Liverpool ní oṣù Kẹta, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Príncipe ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin. Oko kòkó kan tí wọ́n ń pè ní Roça Sundy ni wọ́n dó sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oko yìí. Àwọn Pọtogí ló ń ṣàkóso erékùṣù náà, àwọn òṣìṣẹ́ oko sì jẹ́ àwọn tí wọ́n kó wá, Àǹgólà ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù, lábẹ́ àdéhùn tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò padà sílé mọ́. Ọdún 1909 ni Cadbury àti àwọn oníṣòwò ṣokoléètì mìíràn ní Ìlú Ọba kọ kòkó erékùṣù náà sílẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n fi ń gbìn ín, tí wọ́n sì kọjú sí kòkó Gold Coast, Gáná òde òní. Kòkó ọ̀hún kì í sì í ṣe àjèjì ní apá ibí yìí. J. P. L. Davies, ọ̀gákọ̀ ọmọ Sàró, gba irúgbìn kòkó ní 1879 àti 1880 lọ́wọ́ ọkọ̀ ará Bràsíìlì kan àti láti erékùṣù Fernando Po tó wà nínú òkun kan náà pẹ̀lú Príncipe. Ó fi dá oko ní Ìjọn, níhà ìwọ̀ oòrùn Èkó, kí J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ Agége tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Nítorí náà, nígbà tí Eddington ń to awò rẹ̀ láàárín igi kòkó, irú igi tó ń wò náà ni àwọn bàbá ńlá yín ń tọ́jú lẹ́yìn Agége.

Ojú irin inú oko ló gbé ẹrù wọn dé ìtòsí Sundy. Kìlómítà kan tó gbẹ̀yìn nínú igbó, orí àwọn òṣìṣẹ́ oko ló gbé e. Ìjábọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1920 dárúkọ ọ̀gbẹ́ni Carneiro tó ni oko, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dárúkọ àwọn tó ru gíláàsì. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ó sì ṣì ń dùn mí.

Awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n lò, Oxford ni wọ́n ti yá gíláàsì rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, dígí kan tí ẹ̀rọ aago ń yí sì ń darí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run sínú rẹ̀ bí oòrùn ṣe ń sún. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ náà, òjò ńlá dé pẹ̀lú àrá, kò dá títí ó fi kọjá aago mọ́kànlá. Ó tó nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán kí wọ́n tó rí oòrùn fìrí láàárín kurukuru. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 13, òṣùpá bò ó tán. Ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 2 ni gbogbo àkókò tí wọ́n ní. Eddington ń pààrọ̀ àwo gíláàsì fọ́tò, ó ń kì wọ́n bọ̀ ọ́, ó ń yọ wọ́n, Cottingham ń ṣí ojú awò, ó ń pa á dé. Àwo 16 ni wọ́n yà. Eddington sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lòun gbójú wo ìṣíjibò náà fúnra rẹ̀: ìgbà tí òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀, àti ìgbà tí òun wo bí kurukuru ṣe pọ̀ tó.

Níbí lọ́dọ̀ wa, òjìji òṣùpá gba orí omi níwájú Èkó kọjá láti etí Làìbéríà lọ sí Príncipe. Kò bo oòrùn tán lórí Ìpájà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀ ló bò. Àgbẹ̀ tó wà lóko ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bí kurukuru kò bá dí i lójú, á rí i pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti dín kù.

Púpọ̀ nínú àwo 16 náà, kurukuru nìkan ló wà lójú wọn. Àwọn tó gbẹ̀yìn ló mú ìràwọ̀, méjì péré ló sì wúlò, ìràwọ̀ márùn-ún-márùn-ún. Kí ẹ lè mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́: lórí àwo náà, sẹ́kọ́ńdì kan kò ju ìdá kan nínú ìdá 60 mìlímítà. Wọ́n á gbé àwo ìṣíjibò lé àwo mìíràn tí wọ́n ti ya àwọn ìràwọ̀ kan náà sí lóru ní Oxford, nígbà tí oòrùn kò sí nítòsí wọn, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ wo bí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe kúrò láyè rẹ̀ tó. Eddington bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n yìí ní Príncipe gan-an, ó sì rí i ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà pé Einstein jàre. Ì bá dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ pé ìyanṣẹ́lódì ń bọ̀ níléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ni wọ́n bá kó ẹrù wọn.

Ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1919 ni wọ́n ka èsì náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Príncipe fún wọn ní 1.61, pẹ̀lú àlàfo àṣìṣe 0.30. Awò kékeré tó wà ní Sobral fún wọn ní 1.98, pẹ̀lú àlàfo 0.12. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Einstein ti di ìlú mọ̀ọ́ká.

Ọ̀dọ́ kan kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé òun gbọ́ pé Eddington ṣe èrú, pé ó ti pinnu ohun tó fẹ́ rí kó tó lọ. Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìpìlẹ̀. Awò ńlá kan tún wà ní Sobral tó fún wọn ní 0.93, tó sún mọ́ ti Newton. Wọ́n pa á tì. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ooru oòrùn ti da ojú awò náà rú, àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀ kò sì mú ṣáṣá. Dyson ló ṣe ìpinnu yẹn lórí àwo Sobral, kì í ṣe Eddington. Ní ọdún 1979, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòràwọ̀ Greenwich gbé àwọn àwo Sobral náà jáde, wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun wọ̀n wọ́n, èyí tí wọ́n pa tì sì wá fún wọn ní 1.55, pẹ̀lú àlàfo 0.34. Ó bá ti Einstein mu. Tiwa ti Príncipe ló mẹ́hẹ jù nínú gbogbo rẹ̀, mo gbà. Ìràwọ̀ márùn-ún láàárín kurukuru kò tó láti fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ tó wúwo tó báyìí múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi parí síbẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní Australia ní 1922. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ rédíò gba ìró àwọn orísun tó jìnnà gan-an bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́yìn oòrùn, tí wọn kò sì nílò ìṣíjibò mọ́. Ìyàtọ̀ láàárín ohun tí Einstein sọ àti ohun tí wọ́n wọ̀n níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún.

Ó yá, kí ni òòfà gan-an? Ìbéèrè tí ẹ kọ jù nìyí, àwọn kan nínú yín sì kọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú: bí kò bá sí ohun tó ń fà mí, kí ló gbé mi ṣubú?

Ẹni tó bá wọ bàálù ní Ìkẹjà lọ sí Atlanta, tó sì ń wo máàpù lójú tẹlifíṣọ̀n iwájú rẹ̀, á rí i pé ọ̀nà bàálù náà tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ síhà àríwá. Awakọ̀ kò yà síbì kankan. Tààrà ló ń lọ. Ilé ayé ló rí roboto, máàpù ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tí Einstein ń sọ nípa ohun tó ń já bọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń fà á. Ọ̀nà tó tọ́ jù lọ ló ń gbà, àyè àti àkókò ló tẹ̀.

Àkókò ló ṣe pàtàkì jù níbí, àwọn olùkọ́ sì sábà máa ń fò ó. Bí a ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ni aago ń falẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kéré púpọ̀, àmọ́ wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010, wọ́n gbé aago átọ́ọ̀mù kan ga ju ìkejì rẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 33, ó sì yára jù ú. Orí yín ń dàgbà ju ẹsẹ̀ yín lọ. Bí àkókò bá ti ń falẹ̀ bẹ́ẹ̀ síhà ilẹ̀, ọ̀nà tó tọ́ jù lọ nínú àyè àti àkókò pa pọ̀ ni èyí tó ń rọ̀ síhà ilẹ̀, máńgòrò tó já lórí igi kò sì ní ọ̀nà mìíràn. Òkò, ìyẹ́ àti ìmọ́lẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ìdí nìyẹn tí David Scott fi ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ lórí òṣùpá ní 1971, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, tí àwọn méjèèjì sì balẹ̀ pọ̀.

Ìwúwo tí ẹ ń mọ̀ lára lórí àga yín wá ńkọ́? Àga ló ń tì yín sókè. Ẹni tó ń já bọ́ kì í mọ ìwúwo ara rẹ̀ lára rárá. Ọdún 1907 ni èrò yẹn sọ sí Einstein lọ́kàn lórí àga ọ́fíìsì ní Bern, ó sì pè é ní èrò tó dùn mọ́ òun jù láyé òun.

Èyí dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń wo fídíò àwọn tó léfòó nínú ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, tí wọ́n ń sọ pé òòfà kò dé ibẹ̀. Ó dé ibẹ̀. Kìlómítà 400 péré ni ọkọ̀ náà ga sókè, òòfà ibẹ̀ sì tó bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó wà nílẹ̀ níbí. Jíjá ni wọ́n ń já bọ́ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n kàn ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ débi pé ilẹ̀ ń yí kúrò níwájú wọn.

Ìyá kan béèrè pé kí ni gbogbo èyí wúlò fún. Mo ní kí ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá pe mọ́tò láti Ìyànà Ìpájà, tí fóònù awakọ̀ sì mọ ibi tó dúró sí, sátẹ́láìtì GPS ló ń lò. Ó ga ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200, aago átọ́ọ̀mù sì wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ó jìnnà sílẹ̀, aago náà ń yára ní ìdá 45 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá lójúmọ́. Nítorí pé ó ń sáré, ó tún ń falẹ̀ ní ìdá 7. Ẹ yọ ọ́, ó ku 38. Ìmọ́lẹ̀ ń rin kìlómítà 11 àti díẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Bí wọn kò bá ṣe àtúnṣe rẹ̀, ìṣirò bí sátẹ́láìtì ṣe jìnnà sí fóònù á máa fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà sí i lójoojúmọ́. Ìyẹn sì ju ibi tí Ìkòtún wà sí Ìyànà Ìpájà lọ.

Ìtàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mo fẹ́ràn. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń gbé sátẹ́láìtì NTS-2 lọ sókè ní 1977 láti fi dán ètò yìí wò, àwọn kan lára àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò gbà pé Einstein kàn wọ́n. Wọ́n fi àtúnṣe náà sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pa á, kí wọ́n lè tàn án bó bá di dandan. Wọ́n wo aago náà fún nǹkan bí 20 ọjọ́. Ó ń yára bí Einstein ṣe ní kó yára gẹ́lẹ́. Wọ́n tàn án.

Ọ̀pọ̀ yín béèrè nípa ihò dúdú, ohun tí òòfà rẹ̀ lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀, àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé yóò fa ayé wọlé. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá fún oòrùn wa títí ó fi kéré tó ihò dúdú, fífẹ̀ rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi kìlómítà 6, ayé yóò sì máa yí i po fún ọjọ́ 365 bíi ti tẹ́lẹ̀. Òtútù ló máa pa wá. Ihò dúdú kì í fẹ̀ mọ́ nǹkan bí ẹ̀rọ tí ń fa erùpẹ̀. Ó dìgbà tí nǹkan bá sún mọ́ ọn gan-an kí ọ̀rọ̀ tó yí. Ọ̀kan wà láàárín agbo ìràwọ̀ tiwa yìí, tí ìwúwo rẹ̀ tó oòrùn mílíọ̀nù 4. Reinhard Genzel àti Andrea Ghez, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní S2 tó ń yí i po lọ́dún 16-16. Ní 2018, nígbà tó sún mọ́ ọn jù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí Einstein ṣe sọ. Ní oṣù Karùn-ún 2022 ni wọ́n fi àwòrán ihò náà han gbogbo ayé.

Ọmọ Nàìjíríà kan sì wà nínú ìtàn àwọn ohun wíwúwo yìí tí orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé wa. Samuel Okoye ni. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, òun àti Antony Hewish ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965 pé ohun kékeré kan tó ń sọ ìró rédíò tó lágbára wà nínú àjókù ìràwọ̀ Crab. Ní 1968 ni wọ́n wá rí i pé ìràwọ̀ tó ń yí nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ wúwo ju oòrùn lọ, bẹ́ẹ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 20 lọ, kò tó láti Ìyànà Ìpájà dé Erékùṣù Èkó. Aago tó bá wà lójú rẹ̀ yóò falẹ̀ ju tiwa lọ ní bí ìdá kan nínú márùn-ún. Okoye padà wálé, Nsukka ló sì ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Bàbá kan béèrè pé bí oòrùn bá pòórá lójijì, ṣé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ayé máa fò dànù? Rárá, a óò máa yí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ po fún ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀, torí iyára òòfà àti ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Èyí náà, wọ́n ti wọ̀n ọ́n: ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìgbì òòfà láti inú ìràwọ̀ méjì tó kọlu ara wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ wọn sì tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, lẹ́yìn ìrìn nǹkan bíi mílíọ̀nù 130 ọdún.

Àwọn tó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ yìí tako ẹ̀sìn, mo ti sọ fún yín pé Quaker tó gba Ọlọ́run gbọ́ ni Eddington. Georges Lemaître, tó fi ìṣirò Einstein hàn ní 1927 pé ọ̀run ń gbòòrò, àlùfáà Kátólíìkì ni. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan: ṣé a lè ṣe ti Eddington fúnra wa? A lè ṣe é. Ní 2017, Donald Bruns ní Amẹ́ríkà fi awò tí wọ́n ń tà lọ́jà àti kámẹ́rà òde òní tún un ṣe láti orí òkè kan ní Wyoming, ó sì rí 1.75, pẹ̀lú àlàfo tí kò ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tiwa náà ń bọ̀. Ìṣíjibò oòrùn ti 29 oṣù Kẹta 2006 tó gba Gáná, Tógò àti Benin wọ Nàìjíríà kò bò tán ní Èkó, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2034, òjìji òṣùpá yóò tún gba ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí òjìji náà yóò gbà, kó sì ya àwọn ìràwọ̀ náà lóru ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Kó tó bò tán, kò gbọdọ̀ fi ojú lásán wo oòrùn, kò sì gbọdọ̀ wò ó látinú awò tí kò ní gíláàsì ààbò. Iṣẹ́ náà yóò sì le ju ti Eddington lọ ní ọ̀nà kan: agbo ìràwọ̀ Pisces ni oòrùn yóò wà lọ́jọ́ náà, àwọn ìràwọ̀ ibẹ̀ kò sì mọ́lẹ̀ bíi ti Hyades. Kámẹ́rà tó lè mú ìràwọ̀ tó ṣókùnkùn ju èyí tí ojú lásán ń rí lọ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú owó rẹ̀.